Eèrí ọtí fún ẹlẹ́dẹ̀: mélòó ni omi, mélòó ni oúnjẹ?

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ Ìmọ́tà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹran. Ẹlẹ́dẹ̀ ni èmi ń sìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìmọ́tà níbí, ní Ìkòròdú. Abo mẹ́sàn-án ni mo ní, akọ méjì, àti àwọn ọmọ wọn tí iye wọn ń yí padà lóṣooṣù. Ó di ọdún keje báyìí. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ó dùn mí wọra.

Nígbà tí owó àgbàdo àti sóyà kọjá agbára mi, mo yà sí ohun tó wà nítòsí. Mò ń kó èèpo gbágùúdá lọ́dọ̀ àwọn tó ń yan gàrí, mò ń ra eèrí ìrẹsì, àwọn ìyá ológì méjì ní Sábó sì ń bá mi tọ́jú eèrí ògì. Ẹran mi ń jẹ, ṣùgbọ́n wọn kì í tètè sanra. Ìgbà náà ni ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ kó eèrí ọtí kiri, ìyẹn èèpo ọkà tó ń kù nílé ìpọntí, wá bá mi. Ó ní ilé iṣẹ́ ọtí bíà lòun ti ń kó o. Ó ní, “Ìyá, èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ eèrí ògì o. Èyí tó ti ara wískì wá, òun làwọn òyìnbó fi ń bọ́ màlúù wọn.”

Mo ra àpò mẹ́wàá. Nígbà tí a já a sílẹ̀, ó ṣì gbóná. Mo ki ọwọ́ bọ àpò kan títí dé ìgúnpá, ooru inú rẹ̀ dà bí ti ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n sínú ewé. Òórùn rẹ̀ dùn, ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìkòkò ọkà tó ń hó lórí iná. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́ òórùn yẹn, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fọ́ ìlẹ̀kùn.

Ọjọ́ kìíní dára, ọjọ́ kejì dára. Lọ́jọ́ kẹta mo kíyè sí i pé ó ti ń kan. Lọ́jọ́ kẹrin òjò rọ̀ mọ́jú, mi ò sì tètè dé oko. Ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ṣí àpò keje, ó bá a pé orí rẹ̀ ti bu. Funfun ni bí òwú, ibòmíràn ní àwọ̀ ewé, omi dúdú ń ro nídìí àpò, eṣinṣin bò ó. Ó rò pé kò sí ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ kì í jẹ. Ó gbọ́n orí rẹ̀ dànù, ó bu ìyókù fún àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ mọ́kànlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo wọn ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Láàárín ọjọ́ méjì, mẹ́rin kú. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní ẹlẹ́dẹ̀ àwọn ẹlòmíràn jẹ ẹ́, nǹkan kan ò ṣe wọ́n.

Mi ò bá ọmọkùnrin náà jà. Èmi tí mo kó oúnjẹ wálé láìmọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ni mo ni ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí mo rí bí àwọn abo tó lóyún ṣe fi ìdùnnú jẹ ẹ́ lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Báwo lẹ ṣe ń tọ́jú rẹ̀ tí kì í fi í bàjẹ́? Báwo ló ṣe yẹ kí n bù ú fún abo, fún èyí tó ń dàgbà? Ẹlòmíràn tún ti wá, ó ní òun ní gbígbẹ, inú àpò, pé ti wískì gan-an nìyẹn, owó rẹ̀ sì lé ní ìlọ́po mẹ́rin tútù. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Àwọn arábìnrin kan nínú ìjọ wa sì ní ọtí ni mo ń fún ẹran mu. Mo fẹ́ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

---

Dókítà Ẹran Ìkòròdú:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ẹ̀mí ẹran kì í ṣe ohun kékeré lójú ẹni tó ń sìn ín.

Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú kì í jẹ eèrí ọtí rárá, ì báà jẹ́ èyí tó tuntun jù lọ. Ìfun rẹ̀ ò lè lọ èèpo líle yẹn. Ẹ jẹ́ kó wà fún abo tó lóyún àti fún èyí tó ń dàgbà. Abo tó lóyún lè jẹ kílò méjì sí mẹ́ta tútù lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀ mìíràn. Ti èyí tó ń dàgbà, ẹ má jẹ́ kó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ nínú oúnjẹ rẹ̀, tí ẹ bá fi gbígbẹ ṣírò. Ẹ sì fi sóyà tàbí ẹja lílọ̀ tì í, torí pùròtéènì inú eèrí pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú èyí tí ẹlẹ́dẹ̀ fi ń ta ẹran sára kò tó nínú rẹ̀.

Ohun tó bu, ẹ má gbọ́n orí rẹ̀ dànù kí ẹ bu ìyókù. Májèlé ti wọ ìsàlẹ̀ tí ojú ò rí. Gbogbo àpò náà lẹ máa dà nù.

Ẹ tún gbọ́ èyí, ó jẹ mí lógún ju ìyókù lọ. Àpò tí ọkùnrin yẹn fi kó eèrí wá, ọ̀dọ̀ ta ló ti wà tẹ́lẹ̀? Ọkọ̀ rẹ̀ ńkọ́, oko ẹlẹ́dẹ̀ mélòó ló wọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín? Ní 2020, nígbà tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ Áfíríkà jà ní Òkè-Àrò, mo rí ọkùnrin àgbà tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níwájú ilé ẹran tó ti ṣófo, kò lè sọ̀rọ̀. Àrùn yẹn kò ní oògùn. Ó máa ń bá àpò, bàtà àti táyà wọlé. Ẹ ní àpò tiyín, kí ọkọ̀ dúró lójú títì, kí ẹ̀yin fúnra yín rù ú wọlé.

---

Ọmọ Ìgbógbó ní Scotland:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àmúmọ́ra. Ìgbógbó ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ó di ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lóko màlúù ní Speyside, ní àríwá Scotland. Bí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìpọnwískì pọ̀ níbí. Eèrí tí ẹ ń sọ yìí, òun ni mò ń fi katakata kó ní gbogbo ìgbà òtútù. “Draff” ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń wáyé, kí ẹ lè dá àwọn arábìnrin yẹn lóhùn. Wọ́n á rẹ ọkà báálì sómi, wọ́n á jẹ́ kó hù díẹ̀, wọ́n á fi ooru gbẹ ẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ìyá àgbà ṣe ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti mọ apá ibẹ̀ yẹn. Wọ́n á wá da omi gbígbóná lé e nínú agbada ńlá. Omi àkọ́kọ́ á gbóná tó nǹkan bíi 64 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìkejì á gbóná jù ú lọ, ìkẹta á fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Adùn ọkà á bá omi lọ. Èèpo á kù nílẹ̀. Bí a ṣe ń sẹ́ ògì náà ni: ògì bá omi lọ, eèrí kù sínú asẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń kó draff jáde, ìwúkàrà ò tíì kàn án, ọtí ò tíì sí níbẹ̀. Omi tó ti ṣàn lọ yẹn ni wọ́n ń fi ìwúkàrà sí tó ń di ọtí. Ti bíà náà ò yàtọ̀. Nítorí náà, ẹran yín ò mu ọtí. Ìgbà tí ẹ ò bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa ni ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ máa wọ inú adùn tó ṣẹ́ kù, tí á bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ó kan ọ̀rọ̀ omi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ àgbẹ̀ jẹ, tó sì jẹ́ pé ẹni tó ń tà á lè má mọ̀. Nínú draff tútù, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló jẹ́ omi. Àpò 50 kílò tí ẹ rù, oúnjẹ inú rẹ̀ kò ju kílò mẹ́wàá sí méjìlá àtààbọ̀ lọ. Ìyókù, omi lẹ rà, omi lẹ sanwó ọkọ̀ fún. Ọ̀gá mi kì í béèrè “èló ni tọ́ọ̀nù kan?” Ohun tó ń béèrè ni èló ni tọ́ọ̀nù kan tó gbẹ. Tí èsì rẹ̀ kò bá dára ju ti oúnjẹ àpò lọ, á jókòó ti owó rẹ̀. Oko tó sún mọ́ ilé ìpọnwískì ló ń jèrè rẹ̀. Oko tó jìnnà á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kó omi kiri.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀: a ní kòtò oníkọnkéré tó ní ògiri mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá já a la máa ń kó o sínú rẹ̀, a kì í jẹ́ kó sùn nílẹ̀. A ó fi katakata tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tí ẹsẹ̀ ò fi ní rì wọnú rẹ̀ mọ́, a ó fi ọ̀rá dúdú bò ó, a ó to táyà àlòkù sórí rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Nídìí kòtò, a ti tẹ́ ohun gbígbẹ kan sílẹ̀ tó ń fa omi tó bá ń ro. Á kan díẹ̀, ṣùgbọ́n kíkan tó dára ni, bíi ti ògì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta a lè ṣí i, tí afẹ́fẹ́ ò bá sì rí ọ̀nà wọlé, á gbé wa la ìgbà òtútù já. Afẹ́fẹ́ ló ń bu ú, òun ni kí ẹ lé jáde. Ẹ̀yin lè lo dúrọ́ọ̀mù oníkẹ́. Ẹ da eèrí pọ̀ mọ́ èèpo gbágùúdá tí oòrùn ti gbẹ dáadáa, kó fa omi mu, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ tó mọ́ tàbí igi gún un mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń kún un. Ẹ fi ọ̀rá bo ojú rẹ̀ kó lẹ̀ mọ́ oúnjẹ gan-an, ẹ wá gbé òkúta lé e. Tí ẹ bá ti ṣí ọ̀kan, ẹ má lo ju ọjọ́ mélòó kan lọ lórí rẹ̀.

Èyí tó gbẹ, tí ẹni tó ń tà á ní ti wískì ni, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: èwo nínú rẹ̀? Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti se ọtí nínú ìkòkò bàbà àkọ́kọ́, omi dúdú kan máa ń kù tí wọ́n ń pè ní pot ale. Wọ́n á sè é títí á fi ki bí oyin. Tí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ draff, tí wọ́n gbẹ ẹ, tí wọ́n fún un ní kóro kóro, dark grains nìyẹn, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti kọfí. Oúnjẹ tó lágbára ni fún màlúù. Ṣùgbọ́n bàbà ara ìkòkò ti wọ inú rẹ̀. Bàbà tí mò ń wí yìí, irin pupa yẹn ni o, kì í ṣe ọkà bàbà. Àgùntàn kì í lè gbé irin yẹn. Wọn kì í fún àgùntàn ní pot ale níbí rárá.

Láti 2013 ni ilé iṣẹ́ kan ti wà ní ìlú Rothes tó ń sun draff pọ̀ mọ́ igi, tó fi ń ṣe iná mànàmáná. Inú ọ̀gá mi kì í dùn tó bá rí ọkọ̀ tó ń kó o kọjá lọ síbẹ̀. Ó ní ọmọ màlúù òun lè jẹ ohun tí wọ́n ń dáná sun yẹn. Èmi náà máa ń rántí ìyá mi, bó ṣe máa ń fi ọwọ́ fún eèrí ògì gbẹ kó tó gbé e fún ewúrẹ́.

---

Alágbò Ẹ̀pẹ́:

Assalaamu alaykum. Bùrọ̀dá, mo dúpẹ́ fún àlàyé nípa ọtí, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń gbé mi lọ́kàn. Àgbò Iléyá ni mò ń sìn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹran mi kí ọkàn rẹ̀ má balẹ̀. Tí mo bá gbọ́ yín dáadáa, èyí tútù tí wọ́n yọ kí ọtí tó dé kò ní ọtí nínú. Ẹ ṣàlàyé ti àgbò ká gbọ́. Kí ló máa ń ṣe é tí bàbà bá pọ̀ lára rẹ̀?

---

Dókítà Ẹran Ìkòròdú:

Wa alaykum salaam, Alhaji. Ẹ̀dọ̀ àgùntàn á máa tọ́jú bàbà yẹn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹran á máa jẹ, á máa sanra, ẹ ò ní mọ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n bá sáré lé e tàbí tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ẹ̀dọ̀ á tú gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú ojú rẹ̀ á pupa rúsúrúsú, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n dúdú bíi zobo, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó ti kú. Tí ẹ bá là á, ẹ ó rí i pé ẹran ara rẹ̀ náà ti pupa rúsúrúsú. Ẹ wo ìgbà tó máa ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ń kó o lọ sọ́jà Iléyá gan-an. Nítorí náà, draff tútù tàbí eèrí bíà, ẹ lè bù ú fún un pẹ̀lú koríko. Dark grains àti omi ìdí ìkòkò, ẹ má dán an wò. Ẹ má sì fún àgùntàn ní oúnjẹ tí wọ́n pò fún ẹlẹ́dẹ̀, torí wọ́n máa ń fi bàbà sí i.

Eèrí yìí kò ní kálísíọ̀mù tó, àgbò sì lè ní òkúta lójú ara tí á dí ìtọ̀ rẹ̀. Ìkarahun ìsán tí wọ́n lọ̀ kúnná, díẹ̀ lójoojúmọ́, á ṣèrànwọ́.

Màmá, ẹ fi èyí kún un. Ó ṣeé ṣe kí ohun tí ẹ rà má jẹ́ báálì rárá. Nígbà tí ìjọba fòfin de báálì tí wọ́n ń kó wọlé ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo làwọn ilé iṣẹ́ ọtí wa yà sí, wọ́n sì ṣì ń lò wọ́n. Kò burú fún ẹran. Ti èyí tó gbẹ inú àpò tí ó ní ti wískì ni, eèrí àgbàdo tí wọ́n fi ṣe ọtí tí wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ epo ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú irú rẹ̀ tó ń káàkiri ayé. Èyí kò burú náà. Àmọ́ bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ọkà ṣe ti bá ọtí lọ, tí àgbàdo yẹn bá ti bu tẹ́lẹ̀, májèlé rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́ta nínú ohun tó ṣẹ́ kù. Kí ó fi ìwé àyẹ̀wò hàn yín kí ẹ tó sanwó. Tí kò bá ní, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

---

Ará Àgbádárìgì:

Ẹ kú ìjíròrò o. Ògógóró ni bàbá mi ń sè níbí, ẹmu ògùrọ̀ la fi ń sè é, kò sí ọkà níbẹ̀, kò sí eèrí. Omi tó ń kù nídìí dúrọ́ọ̀mù la máa ń dà nù, àwọn kan sì máa ń bù ú fún ewúrẹ́ àti àgùntàn. Páìpù bàbà la ń lò. Mo ka ohun tí Dókítà kọ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti lọ sọ fún wọn lónìí pé kó má dé ọ̀dọ̀ àgùntàn mọ́. Àgùntàn àǹtí mi méjì kú ní ọdún kan sí ara wọn, ìtọ̀ wọn pọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an. A rò pé ẹnì kan ló fún wọn ní nǹkan jẹ.

---

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ Ìmọ́tà:

Mo kí gbogbo yín. Ọlọ́run á bá yín sin ẹran tiyín.

Mo ti ṣe é bí ẹ ṣe wí. Lọ́jọ́ Ajé, mo bẹ ọkùnrin náà kó wá, ó dúró lójú títì, a fi àpò tiwa gbà á. Kí n tó sanwó, mo wọn kílò kan lórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń ta ẹran. Mo dà á sínú agbada, mo fi iná jẹ́jẹ́ yan án bí ẹni ń yan gàrí, mò ń rò ó kó má jóná. Oru rẹ̀ pọ̀ débi pé ojú mi ń ṣomi. Nígbà tó dún sákásáká lábẹ́ ọwọ́, mo tún wọ̀n ọ́n: 220 gíráàmù. Mo gbé e fún ọkùnrin yẹn, ó fi ìka yí i wò, ó ní òun ò mọ̀ pé omi tó bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ohun tóun ń rù láti ọdún yìí wá. Ó dín owó kù. Ó sì ṣèlérí pé láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá da á jáde lòun á máa gbé e wá, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì.

Mo kún dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta. Ọmọkùnrin mi ló gún un, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ inú rẹ̀. Ó kọ déètì sára ìkọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ti kú, kì í bu oúnjẹ fún ẹran kankan láìkọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó gbẹ, mi ò rà á, kò ní ìwé kankan.

Ẹnì kan ṣì wà tí mò ń wá. Ọkọ̀ kan tó kún ti pọ̀ jù fún mi, mi ò sì fẹ́ kí ìkankan sùn nílẹ̀. Ẹni tó bá ń sin màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ní ọ̀nà Àgbọ̀wà tàbí Ìtòkín, tó lè gba ìdajì lọ́jọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan kí agogo mẹ́wàá tó lù, kó dá mi lóhùn níbí. Kó mú àpò tirẹ̀ wá.